Ṣàkì, àmàlà, àti ọmọ tó ní òun ò jẹ ẹran mọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ti ilé ìwé dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ò jẹ ẹran mọ́, pé màlúù ló ń mú ayé gbóná. Bàbá rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé àwọn tó ń wọ bàálù kiri ló ba ayé jẹ́, kì í ṣe ẹran méjì lórí àmàlà. Èmi wà láàárín wọn. Iṣu tí à ń jẹ níbí, Gánà ló ti ń bọ̀. Ẹ̀fọ́ ń ti Nàìjíríà bọ̀. Ṣé ìyẹn ò wá burú ju ẹran tí wọ́n pa nítòsí lọ? Kí ni kí n máa sè? Ṣé kí n sọ fún màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí àwọn náà dín ẹran kù? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, London."

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọmọ yín jàre. Bàbá rẹ̀ náà ò sì jẹ̀bi tán. Ibi tó ti jẹ̀bi ò pọ̀, a máa débẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ màlúù bẹ̀rẹ̀, òun ló dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ mọ ṣàkì dáadáa. Ṣàkì tí ẹ máa ń da omi gbígbóná lé lórí, tí ẹ máa ń fi ọ̀bẹ ha títí á fi funfun, inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Nígbà tí màlúù wà láàyè, ibẹ̀ ni koríko tó bá jẹ máa ń kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Kòkòrò tíntìntín tí ojú ò lè rí ló kún inú rẹ̀, àwọn ló ń bá a sọ koríko yẹn di ohun tó lè dà nínú. Màlúù á pọ̀ ọ́ padà sẹ́nu, á tún un rún, ìyẹn là ń pè ní àpọ̀jẹ. Iṣẹ́ àwọn kòkòrò yìí ló ń mú gáàsì tí wọ́n ń pè ní mẹ́téènì wá, màlúù a sì máa gùfẹ̀ rẹ̀ síta tọ̀sán tòru. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìsó ni. Ìsó ò tó nǹkan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnu ló ń gbà jáde.

Mẹ́téènì kì í pẹ́ nínú afẹ́fẹ́, bí ọdún méjìlá péré, ṣùgbọ́n ó lágbára. Tí a bá fi 20 ọdún wò ó, tọ́ọ̀nù kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó bí ìlọ́po 80 tọ́ọ̀nù kan èéfín kábọ́ọ̀nù tó ń ti ẹ́ńjìnnì mọ́tò jáde. Tí a bá nà án dé 100 ọdún, ó á bọ́ sí bí ìlọ́po 27. Torí pé kì í pẹ́ yìí náà ni dídín in kù ṣe tètè máa ń hàn. Gbogbo ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní láti là á mọ́lẹ̀, torí àwọn èèyàn wa níbí, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé màlúù ò dáa, ọ̀dọ̀ ewúrẹ́ ni wọ́n ń sá lọ. Ewúrẹ́ àti àgùntàn náà ní ṣàkì. Adìẹ, tòlótòló àti ẹlẹ́dẹ̀ ò ní.

Ní ọdún 2018, Joseph Poore ti Yunifásítì Oxford àti Thomas Nemecek, onímọ̀ kan láti Switzerland, kó àkọsílẹ̀ oko tó tó 38,700 jọ láti orílẹ̀-èdè 119. Wọ́n ka gbogbo ohun tó wà nídìí oúnjẹ mọ́ ọn: igbó tí wọ́n gé, ajílẹ̀, oúnjẹ tí ẹran jẹ, ọkọ̀ tó gbé e, ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, títí dé orí àtẹ. Wọ́n wá béèrè pé, kéèyàn tó rí 100 gíráàmù èròjà amúaradàgbà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, tí wọ́n fi ìwọ̀n èéfín kábọ́ọ̀nù ṣírò, tó pọ̀ tó mélòó ló ti jáde? Fún màlúù tí wọ́n ń sìn torí ẹran nìkan, 50 kìlò. Màlúù tí wọ́n ti fún wàrà rẹ̀ kí wọ́n tó pa á, 17. Àgùntàn, 20. Wàrà díndì táwọn òyìnbó ń pè ní ṣíìsì, 11. Adìẹ ò pé 6, ẹyin lé ní 4 díẹ̀, ẹ̀pà 1.2. Ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀ ò pé kìlò kan.

Àwọn àgbẹ̀ ìlú Ọba máa ń sọ pé màlúù tàwọn ò gbóná tó tàwọn ẹlòmíì, torí àwọn ò gé igbó láti fi ṣe pápá, àti pé ọ̀pọ̀ ẹran àwọn ti ọ̀dọ̀ màlúù wàrà wá. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n èyí tó mọ́ jù lọ nínú màlúù ayé, àwọn ará Oxford yẹn rí i pé gáàsì rẹ̀ ṣì tó ìlọ́po mẹ́fà ti ẹ̀wà píìsì.

Ẹ gbé e wá sí ìdáná. Ìdajì kìlò ẹ̀wà olóyin gbígbẹ ní èròjà amúaradàgbà tó tó 115 gíráàmù. Gáàsì orí rẹ̀ ò ju bíi kìlò kan lọ. Kí ẹ tó rí irú èròjà bẹ́ẹ̀ lára màlúù, ẹran tútù tó lé díẹ̀ ní ìdajì kìlò lẹ máa rà. Tó bá jẹ́ ti màlúù ẹran, ìṣirò àgbáyé á gbé e sí 57 kìlò. Tó bá jẹ́ ti màlúù wàrà, bí 20. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní mọ́ínmọ́ín kì í ṣe ẹran. Bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe ẹran. Iye owó rẹ̀ pàápàá kì í ṣe ti ẹran.

Ohun tó fà á tí ẹ̀wà fi rọrùn fún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fa igi rẹ̀ tu, ẹ máa rí kókó kéékèèké lára gbòǹgbò. Àwọn kòkòrò kan ń gbé inú kókó yẹn tó ń fa naitirójìn láti inú afẹ́fẹ́ fún un, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ajílẹ̀ òyìnbó. Nàìjíríà ló ń gbin irú ẹ̀wà yìí jù lọ láyé. Ó bá àwọn baba wa wọ ọkọ̀ ẹrú dé Bùràsíìlì: títí dòní, ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, àwọn ìyá aláṣọ funfun ń jókòó sí igun títì, wọ́n ń din àkàrà nínú epo pupa, wọ́n ń pè é ní acarajé. Ní orílẹ̀-èdè kan náà yẹn ni pápá màlúù ti ń jẹ igbó Amazon wọnú. Òun ni olórí ohun tó ń pa igbó náà run. Nígbà míì tí mo bá ń rò ó, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé oúnjẹ ayé méjèèjì ló wà ní ìlú kan.

Ní ti ìrìn àjò oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ló máa ń rò bí ẹ ṣe rò ó. Gbígbé oúnjẹ láti ìlú dé ìlú ò ju bí 6 nínú 100 gáàsì tó ń ti ọ̀rọ̀ oúnjẹ jáde lọ. Iṣu Gánà yẹn, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e. Gáàsì tí ìrìn àjò náà dá lé kìlò kan rẹ̀ ò tó ìdámárùn-ún kìlò. Ẹ jẹ iṣu yín, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ ṣọ́. Ewé tútù tó ti Nàìjíríà dé láìrọ, bàálù ló wọ̀, bàálù sì ń tú gáàsì jáde tó ìlọ́po 50 ti ọkọ̀ ojú omi lórí ẹrù kan náà. Nínú ìṣirò tèmi, láti Èkó dé London, kìlò ẹ̀fọ́ kan á ti di kìlò márùn-ún ààbọ̀ gáàsì lórí bàálù nìkan, ó ti ju ìdajì ti kìlò ẹran adìẹ kan lọ nìyẹn. Èyí tí wọ́n fi yìnyín dì, tó bá ọkọ̀ ojú omi wá, sàn jù ú lọ fíìfíì. Ṣípínáàṣì àti kéélì ọjà ìhín náà kò burú nínú ẹ̀fọ́ rírò tí irú bá wà níbẹ̀. Èmi ní ìkòkò mẹ́ta lẹ́yìn ilé tí mo ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí. Láti oṣù kẹfà títí dé oṣù kẹsàn-án, ó ń hù bí ẹni pé Ìbàdàn ló wà.

Ó wá ku bàbá wọn. Ọ̀rọ̀ bàálù tó sọ, òótọ́ ni. Àlọ àti àbọ̀ London sí Èkó ń da ohun tó ju ìdajì tọ́ọ̀nù èéfín lọ lé èrò kọ̀ọ̀kan lórí. Ẹni tó bá ń jẹ 250 gíráàmù ẹran màlúù lọ́sẹ̀, 13 kìlò ló jẹ lọ́dún, gáàsì orí ẹran yẹn, tó bá jẹ́ ti màlúù wàrà, ò sì jìnnà sí ti ìrìn àjò Kérésì kan. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n tó bá ti ń lọ sílé lọ́dọọdún, òun náà wà nínú àwọn tó ń wọ bàálù kiri.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lágbára jù ni èyí. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, gbogbo ẹran tó ń jẹ lọ́dún, adìẹ mọ́ ọn, kò pé kìlò mẹ́wàá. Iye tó ń wọ ọjà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìlú Ọba, egungun mọ́ ọn, tó bí 80. Ní Amẹ́ríkà ó lé ní 120. Ẹni tó bá kó gbogbo wọn pọ̀ sọ pé "kí ọmọ aráyé dín ẹran kù", kò ṣe ẹ̀tọ́. Ibi tí bàbá wọn ti wá jẹ̀bi ni pé ilé yín ò sí ní Nàìjíríà mọ́. Àwo yín ti gba ìwé ọmọ onílùú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹran tí wọ́n ń fún mi lórí àmàlà ò ju àtàǹpàkò mi lọ, wọ́n á sì ní kí n jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn. Ní London, mo ti jẹun nílé èèyàn wa kan tí màlúù, ṣàkì, ẹsẹ̀ màlúù, adìẹ àti ẹja jọ wà nínú ọbẹ̀ kan ṣoṣo, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí kò sí ọdún tí kò sí ìsọmọlórúkọ.

Àwọn ìjọba pàápàá ò tíì mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí. Ní ọdún 2020, Marco Springmann, olùwádìí kan ní Yunifásítì Oxford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìlànà oúnjẹ tí orílẹ̀-èdè 85 gbé jáde fún aráàlú wọn wò. Wọ́n rí i pé tí àwọn aráàlú bá tẹ̀lé ohun tí ìjọba tiwọn ti kọ sílẹ̀, ikú àìtọ́jọ́ á fi bí 15 nínú 100 dín, gáàsì oúnjẹ á fi bí 13 dín. Síbẹ̀, 83 nínú ìlànà 85 yẹn ló forí gbárí pẹ̀lú ọ̀kan tàbí òmíràn nínú àdéhùn ìlera àti àyíká tí àwọn ìjọba kan náà ti fọwọ́ sí. Ọwọ́ wọn máa ń rọ̀ jù lórí ẹran àti wàrà. Níbí, Climate Change Committee tó ń gba ìjọba nímọ̀ràn sọ ní ọdún 2020 pé kí àwọn ará ìlú Ọba fi ìdámárùn-ún dín ẹran àti wàrà kù kó tó di 2030. Ìdámárùn-ún péré ni wọ́n béèrè. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ di ajewéko.

Ní ti ara yín ńkọ́? Ìmọ̀ràn NHS, àjọ ìlera ìlú Ọba, ni pé ẹni tó bá ń jẹ ju 90 gíráàmù ẹran pupa jíjinná lọ lóòjọ́ kó dín in sí 70. Ẹ gbé ẹran ọbẹ̀ yín lé òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa rí i pé 70 gíráàmù ò ju ègé kékeré méjì lọ. Sọ́séèjì, béékìn àti ẹran inú agolo lẹ máa kọ́kọ́ dín: láti 2015 ni àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà wọ́n mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ẹran pupa fúnra rẹ̀ wà ní ipò tó tẹ̀ lé e.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yín, torí òun ló ṣe kókó jù sí mi nínú lẹ́tà yín. Ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù nílò èròjà irin gan-an, 14.8 mílígíráàmù lóòjọ́ ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀ níbí, ó pọ̀ ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Irin wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, ṣùgbọ́n ara kì í fà á mu bó ṣe ń fa ti ẹran. Ọsàn tàbí tòmátì tútù pẹ̀lú oúnjẹ ń ràn án lọ́wọ́. Tíì tí wọ́n ń mu mọ́ oúnjẹ ń dí i lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí tíì di ẹ̀yìn wákàtí kan. Fítámì B12 ò sí nínú ewé kankan àyàfi èyí tí wọ́n fi kún un. Tó bá ṣì ń jẹ ẹyin, ẹja àti mílíìkì, kò séwu. Tó bá ní òun ò ní fẹnu kan ohunkóhun tó ti ara ẹranko wá, òògùn B12 di dandan, mi ò fi ìyẹn ṣeré. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́, tí awọ ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ sì funfun, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má bá a jà. Ọmọ tó ń ronú nípa ohun tó ń jẹ ṣọ̀wọ́n.

Àwọn àgbà ní iyán lóúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là á jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹ wò ó, iṣu, èlùbọ́, àgbàdo, àgbàdo. Ẹran ò sí níbẹ̀ rárá. Oúnjẹ tí wọ́n ń wá kiri fún wa, àwa la ni ín tẹ́lẹ̀.

Tí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí ẹ lè sè, gbẹ̀gìrì ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ rẹ ẹ̀wà, ẹ bó o, ẹ da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù (omi yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ ohun tó ń fẹ́ inú lọ, gáàsì tí kò sí nínú ìṣirò Oxford). Nínú ìkòkò tó ń fi agbára ooru sè (pressure cooker), ogún ìṣẹ́jú ti tó, kò nílò kán-ún. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, ẹ fi irú, ata, epo díẹ̀ àti ẹja gbígbẹ sí i. Ẹ bu ewédú lé e, ó di abùlà. Ègé ẹran kan ṣoṣo lórí irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ dín nǹkan kan kù. Ìyàtọ̀ wà láàárín kí ẹran jẹ́ adùn ọbẹ̀ àti kó jẹ́ ọbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Adìẹ líle tí ẹ ń rà náà dára. Adìẹ tó ti yé ẹyin gbó ni. Òyìnbó ò fẹ́ ẹ torí pé kò rọ̀, ẹyin tó ti yé sì ti bá a ru ọ̀pọ̀ ẹrù gáàsì rẹ̀. Títù, ṣawá àti sàdíìnì dára pẹ̀lú: kò sẹ́ni tó bọ́ wọn, epo ọkọ̀ apẹja nìkan ló fi bẹ́ẹ̀ wà lórí wọn. Ṣàkì, ìfun àti pọ̀nmọ́ ń jẹ́ kí apá kankan lára màlúù má ṣòfò, ìyẹn dáa, àmọ́ pọ̀nmọ́ ò lè rọ́pò ẹran; èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ ò pé. Ìrẹsì ní mẹ́téènì tirẹ̀ torí inú omi ni wọ́n ń gbìn ín, bí kìlò mẹ́rin gáàsì lórí kìlò kan. Iṣu, ànàmọ́ àti gàrí kéré sí i dáadáa. Kìlọ̀kìlọ̀ kan ṣá: ẹ má fi ẹ̀bà kún àyè tí ẹran fi sílẹ̀. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti pọ̀ láàárín wa níbí, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni kó gba àyè náà.

Màmá yín ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ má sọ nǹkan kan fún wọn o. Ẹran tí wọ́n ń jẹ ò fi bẹ́ẹ̀ mú ayé gbóná, àgbàlagbà sì nílò rẹ̀ kí iṣan má bàa rọ. Ohun tó wà lábẹ́ ìkòkò wọn ni kí ẹ béèrè. Tó bá jẹ́ igi tàbí èédú ni wọ́n fi ń dáná, igbó Òkè Ògùn ló ń tán lọ fún èédú yẹn, èéfín rẹ̀ sì ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn. Sílíńdà gáàsì kan àti owó tí wọ́n á máa fi rọ ọ́, ìyẹn ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ẹ rẹ ìdajì kìlò ẹ̀wà kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí ẹ bá dé, ẹ gbé abọ́ náà fún ọmọ tó ní òun ò jẹ ẹran, kí òun àti bàbá rẹ̀ jọ bó o.